Àdàyà Àwòrán Ẹranko láti Lọ́ńdọ̀nù dé Mùṣin: Ìwádìí lórí Ẹni Tí Ó Ń Tún Àdàyà Ṣe

1. Ìfáárà

Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà òde òní ní Nàìjíríà sábà máa ń pín àwọn ayàwòrán Èkó sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ń wọ gbọ̀ngàn àfihàn. Ọ̀nà kejì ni àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ẹ̀bá títì, ní apá òkè-odò Èkó tí a ń pè ní Mainland, tí wọ́n ń ya kìnnìún, ẹkùn, idì àti ejò sára ọkọ̀ akẹ́rù àti pátákó ìpolówó. Àwọn ti ìṣáájú ni a ń pè ní oníṣẹ́ ọnà. Àwọn ti ìkẹyìn ni a ń kà sí ẹni tí kò ṣe ju pé kí ó wo ohun tí ẹlòmíràn ti yà kí ó sì tún un yà. Ẹ̀sùn tí a sì ń fi kàn wọ́n jù lọ ni pé ẹranko tí wọ́n ń yà kì í jọ ẹranko: gọ̀gọ̀ kìnnìún a pọ̀ jù, èékánná ẹkùn a gùn jù, ojú idì a dà bí ojú ènìyàn.

Ẹ̀sùn yìí ni bébà yìí gbé yẹ̀ wò. Kókó rẹ̀ ni pé àwọn ìwé ẹranko tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, tí a ń bọ̀wọ̀ fún títí di òní, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń da àwòrán yà bákan náà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì fojú kan ẹranko ọ̀hún láàyè. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín akùnwòrán Lọ́ńdọ̀nù àti ayàwòrán Mùṣin, kì í ṣe pé ọ̀kan dà á yà, tí èkejì kò dà á yà. Ìyàtọ̀ náà wà lára ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ohun tí ó yà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe kedere. Àdàyà ni àwòrán tí a fi ọwọ́ yà tàbí tí a fi ọwọ́ kùn láti ara àwòrán mìíràn. Ìlànà tí a fi ṣẹ̀dá àdàkọ ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwòṣe ni àwòrán àkọ́kọ́ tí àdàyà tẹ̀ lé. Alátùn-únṣe ni ẹni tí ó lè kọ àdàyà tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí a ó sì tún un yà nítorí tirẹ̀.

2. Àdàyà nínú àwọn ìwé ẹranko ilẹ̀ Yúróòpù

Kí ìtẹ̀wé aláwọ̀ tó gbilẹ̀ ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, dúdú nìkan ni ó rọrùn láti tẹ̀. Ayàwòrán a ya ẹranko sórí ìwé. Agbẹ́nà a gbẹ́ àwòrán náà sára bàbà tàbí irin, tàbí kí a yà á sára òkúta. A ó wá tẹ̀ ẹ́ ní dúdú. Lẹ́yìn èyí ni ìwé náà ń dé ọwọ́ àwọn akùnwòrán, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Àwòrán kan tí a ti fi ọ̀dà kùn, tí ayàwòrán sì ti fọwọ́ sí, ni wọ́n ń gbé síwájú gẹ́gẹ́ bí àwòṣe. Ẹnì kan a kun ìyẹ́, ẹlòmíràn a kun ewé, ẹlòmíràn a kun ojú ọ̀run, títí tí ìwé náà yóò fi parí.

Iṣẹ́ John James Audubon lórí àwọn ẹyẹ Amẹ́ríkà, tí ó jáde láti 1827 sí 1838, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀. Àwòrán 435 ni ó wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ àbójútó Robert Havell kékeré ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan bí ẹ̀dà 200 tí ó pé ni ó jáde. Ẹni tí ó bá ṣírò yóò rí i pé ojú ìwé tí a fi ọwọ́ kùn níkọ̀ọ̀kan lé ní 80,000. Audubon ti rí púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà láàyè; àwọn tí wọ́n kùn wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí wọn.

Ti ẹyẹ ilẹ̀ wa tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1837 ni William Swainson gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jáde ní apá méjì, nínú ọ̀wọ́ ìwé tí William Jardine ń ṣe olóòtú rẹ̀. W. H. Lizars ní Edinburgh ni ó gbẹ́ àwọn àwòrán náà, a sì fi ọwọ́ kùn wọ́n. Awọ ẹyẹ gbígbẹ tí ọkọ̀ ojú omi kó dé ni ó wà níwájú Swainson nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹyẹ tí ń fò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹyẹ bá kú, àwọ̀ ojú rẹ̀, àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ibi tí kò ní ìyẹ́ lára rẹ̀ kì í pẹ́ ṣá. Bí ẹni tí ó pa ẹyẹ náà kò bá kọ àwọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, àbá ni ayàwòrán yóò dá. Àbá náà ni yóò di àwòṣe, òun ni akùnwòrán yóò tẹ̀ lé, òun náà ni òǹkàwé yóò gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Louis Fraser so irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ Èkó fúnra rẹ̀. Ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wọ odò Ọya ní 1841 rìn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá. Ní 1849 ni ó gbé Zoologia Typica jáde, ìwé ńlá tí àwòrán ẹranko àti ẹyẹ inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí a yà sára òkúta tí a sì fi ọwọ́ kùn. Láàárín 1852 àti 1853, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fi àgbá fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Fraser kan náà ni ó ń ṣe adelé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Nípa báyìí, ẹni tí ó ń fi ẹranko Áfíríkà hàn fún òǹkàwé Lọ́ńdọ̀nù àti ẹni tí ó ń ròyìn ìlú Èkó fún ìjọba Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ẹnì kan náà. Nínú iṣẹ́ méjèèjì, àwọn tí wọ́n mọ ohun tí ó ń ròyìn rẹ̀ jù lọ kò sí nítòsí láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àdàyà tí kò ní alátùn-únṣe hàn gbangba nínú ìtàn àgbáńréré tí Albrecht Dürer yà ní Jámánì ní 1515. Dürer kò rí ẹranko náà. Àpèjúwe àti àwòrán ráńpẹ́ tí ó ti Lisbon wá ni ó tẹ̀ lé. Ó fi ìwo kékeré kan sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì ya awọ rẹ̀ bí ẹ̀wù irin ọmọ-ogun. Fún igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù fi ń da ìwo èké yìí yà láti inú ìwé kan sí òmíràn. Bákan náà ni ti ẹyẹ kan tí a ń kó awọ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ New Guinea. Àwọn tí ń tà á a máa gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Àwọn ará Yúróòpù sì gbà pé kò ní ẹsẹ̀. Ní 1758 ni Linnaeus fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí aláìlẹ́sẹ̀, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé àwọn tí wọ́n ṣe àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe onímọ̀. Ohun tí a sọ ni pé wọn kò ní ẹni tí yóò tún un ṣe fún wọn.

3. Oríkì gẹ́gẹ́ bí àwòṣe

Bí a bá yí padà sí ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò kan náà, a kò ní bá ìwé àwòrán ẹranko níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ó bá ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà pa ìrísí ẹranko mọ́. Ọ̀nà náà ni oríkì ẹranko tí àwọn ọdẹ ń sun nínú ìjálá. S. A. Babalọlá, tí ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1966 pé ẹ̀kọ́ ìjálá jẹ́ ẹ̀kọ́ àfarawé: ọmọ-iṣẹ́ a tẹ̀ lé ọ̀gá, a sì máa gbé ohùn lẹ́nu rẹ̀. Èyí náà jẹ́ àdàkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni a fi ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n àdàkọ yìí ní alátùn-únṣe. Ní òde ìjálá, bí apìjálá kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, apìjálá mìíràn tí ó wà níbẹ̀ lè dá a dúró, kí ó sì sọ bí ó ti yẹ kí ó rí. Ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n ti dojú kọ ẹranko tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí oríkì ẹranko fi kún fún ohun tí ojú rí: ìrìn, igbe, oúnjẹ, ìrù àti àmì ara. Orúkọ tí a fún ẹkùn, olóòlà ijù, kò ṣàdédé wáyé. Èékánná ẹranko náà, tí í fa ara ya bí abẹ olóòlà, ni ó bí i. Àwọ̀ ẹyẹ pàápàá ní ibi ìpamọ́ nínú ohùn ẹnu. A so agbe mọ́ aró, a so àlùkò mọ́ osùn, a sì so lékeléke mọ́ ẹfun. Ọmọ Yorùbá tí kò bá tilẹ̀ rí ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí mọ àwọ̀ tí ó yẹ kí ó fi kùn wọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé àti kàlẹ́ńdà olówòrán dé Èkó, wọn kò bá ojú tí ó ṣófo. Àwòṣe kan ti wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ ni a sì fi ṣe é.

4. Àríyànjiyàn lórí àdàyà ní Èkó

Ẹni tí a kà sí aṣáájú àwọn ayàwòrán òde òní ní Nàìjíríà, Àìná Ọ̀nàbólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, fi àdàyà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó ni ó ń wò yà, nítorí kò sí olùkọ́ tí ó lè kọ́ ọ. Ó rí ọ̀nà àtikọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1920 sí 1922, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó. Lójú Ọ̀nàbólú, kí ọmọ Áfíríkà lè ya ohun tí ó rí bí ó ti rí jẹ́ ìdáhùn fún àwọn tí wọ́n ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe é. Àdàyà ni àkàbà tí ó gùn débẹ̀.

Ọ̀nàbólú ni ó rọ ìjọba láti mú olùkọ́ mìíràn wá sí i. Kenneth Murray sì dé ní 1927. Èrò Murray yàtọ̀. Ó kà á sí ewu pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa da àwòrán òyìnbó yà. Ó fẹ́ kí wọ́n ya ayé tí ó yí wọn ká. Ní 1937 ni a fi iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí Ben Enwonwu wà lára wọn, hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àdàyà ti di ohun tí a fi ń díwọ̀n ayàwòrán: ẹni tí ó bá dà á yà kò tíì dé ipò oníṣẹ́ ọnà.

Díwọ̀n yìí ni a gbé kalẹ̀ kí Mainland tó di ibùdó iṣẹ́ àwòrán. Ní Commercial Avenue ní Yábàá ni ilé ìtẹ̀wé West African Pilot wà, ìwé ìròyìn tí Akinọlá Láṣẹ̀kan ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìṣèlú fún láti àárín ọdún 1940 sí 1949. Ní 1952 ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ lónìí sí Yaba College of Technology. Yusuf Grillo ni ó sì darí ẹ̀ka náà, níbi tí iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti jọ wà pọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 títí di 1987. Ṣómólú tí kò jìnnà sí ibẹ̀ di ìlú àwọn atẹ̀wé. Kò sí ibòmíràn ní Nàìjíríà tí àwòrán títẹ̀ àti ọwọ́ tí ó lè tún un yà ti súnmọ́ ara wọn tó báyìí.

Àwòrán ẹranko kò sì wọ́n nílé ẹnikẹ́ni. Sítáńpù tí ìjọba gbé jáde ní 1965 sí 1966 jẹ́ mẹ́rìnlá, ẹranko àti ẹyẹ sì ni ó wà lára gbogbo wọn. Maurice Fievet ni ó yà wọ́n. Kìnnìún wà lára èyí tí ó kéré jù lówó, erin wà lára ti kọ́bọ̀, odídẹrẹ́ wà lára ti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án, ẹfọ̀n sì wà lára ti pọ́n-ún kan. Òkè òkun ni a ti kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wó ìjọba ní Èkó tún àwọn kan tẹ̀ nínú wọn. Erin wà lára àpò sìmẹ́ǹtì Ewékorò; kìnnìún wà níwájú ọkọ̀ Peugeot.

5. Ayàwòrán ara ọkọ̀ ní Mùṣin

Òpópónà Agége, tí ó la Mùṣin kọjá, jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí ọkọ̀ ń gbà ti Èkó lọ sí òkè. Àwọn kanlé-kanlé ọkọ̀, àwọn ajórin àti àwọn akùn-ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ àti ní agbègbè rẹ̀. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kan ara mọ́lùẹ́ lé orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ Mercedes 911. Ayàwòrán ni iṣẹ́ máa ń kàn gbẹ̀yìn kí ọkọ̀ tó bọ́ sí títì.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Oníbàárà lè mú kàlẹ́ńdà, ẹ̀yìn ìwé ọmọ ilé-ìwé tàbí ìṣáná wá, tàbí kí ó nàka sí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bí àwòṣe náà bá kéré, ayàwòrán a fi ìlà pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. A fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì pín ara pákó tàbí irin ọkọ̀ bákan náà. A wá ya ohun tí ó wà nínú igun kékeré sínú igun ńlá. Ọ̀dà dídán tí a ń kun ilẹ̀kùn ni ó ń lò. Ìlànà igun mẹ́rin yìí ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù náà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ọgbọ́n iṣẹ́, kò sí ọ̀gbun láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe. Ní Lọ́ńdọ̀nù, onímọ̀ ẹ̀dá tàbí ayàwòrán ni ó ń fi àdàyà wé àwòṣe. Ní Mùṣin, ọlọ́kọ̀ ni. Òun ni ó ń sanwó. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ó pa á rẹ́. Ohun tí ọlọ́kọ̀ sì ń béèrè kì í ṣe iye eyín tí ó wà lẹ́nu kìnnìún. Ó fẹ́ ẹranko tí yóò bu iyì kún ọkọ̀ rẹ̀, tí yóò dẹ́rù ba ọ̀tá, tí yóò sì bá orúkọ tí ó kọ sí iwájú ọkọ̀ mu. Oríkì ni àwòṣe rẹ̀. Bí èékánná ẹkùn bá gùn ju ti inú kàlẹ́ńdà lọ, kì í ṣe pé ọwọ́ ayàwòrán gbọ̀n. Olóòlà ijù ni a ní kí ó yà. Bí gọ̀gọ̀ kìnnìún bá yí i lórí ká bí adé, ọba ni a ní kí ó yà.

Ohun kan wà tí ó lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀ṣẹ́ ni ó fa àyípadà, gbogbo ẹranko ni ìyípadà náà yóò kàn bákan náà. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àkùkọ, àgbò àti ẹja jẹ́ ohun tí gbogbo oníbàárà ń rí lójoojúmọ́. Kò sí ọlọ́kọ̀ tí yóò gba àgbò tí ìwo rẹ̀ kò ká bí ó ti yẹ, tàbí àkùkọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ògbo. Kìnnìún ni ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ ju inú àwòrán lọ, nítorí ẹranko pápá ni, kì í ṣe ẹranko igbó ẹ̀bá òkun. Ibi tí alátùn-únṣe bá ti mọ ẹranko, ẹranko náà a jọ ara rẹ̀. Ibi tí kò bá ti mọ̀ ọ́n, oríkì a gba ipò. Òfin kan náà ni ó fi ìwo èké sí ọrùn àgbáńréré Dürer, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó gba ipò níbẹ̀.

6. Ohun tí ó wà nínú ewu

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá mọ sí àríyànjiyàn lásán bí àwọn àwòrán náà bá wà níbi tí a ti lè rí wọn. Ìwé Swainson, ti Fraser àti ti Audubon wà ní ilé ìkàwé ńláńlá. A ń fi owó gọbọi rà wọ́n bí wọ́n bá bọ́ sọ́jà. Iṣẹ́ Ọ̀nàbólú àti ti Enwonwu ní olùtọ́jú. Ti ara ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbó, a ó fọ́ ọ tà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ a bá a lọ. Láti 2008 ni ọkọ̀ BRT ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ojú títì lọ́wọ́ mọ́lùẹ́. Ẹ̀rọ tí ń tẹ àwòrán láti inú kọ̀ǹpútà sórí rọ́bà sì ti gba èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ pátákó lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ọwọ́ yà á. Ẹ̀rọ yìí kì í béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ bóyá èékánná gùn tó. Bí kìnnìún bá ti wà nínú fọ́tò ni yóò ṣe gbé e jáde.

Ẹranko fúnra wọn kò sì sí níbi tí a fi wọ́n sí. Kìnnìún àgbà tí ó kù nínú igbó Nàìjíríà, ní ọgbà ẹranko Kainji àti Yankari, kò tó àádọ́ta mọ́. Àwọn ọdẹ tí wọ́n lè dá apìjálá dúró nítorí pé wọ́n ti rí ẹkùn fúnra wọn ń dínkù. Nígbà tí ẹranko bá lọ tí ọdẹ sì tẹ̀ lé e, àdàyà ni yóò kù, kì yóò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe mọ́.

7. Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé bí òpìtàn bá ń bi àdàyà léèrè bóyá ó jọ ẹranko, ìdajì ìbéèrè ni ó bi í. Ìdajì kejì ni pé: ta ni a yà á fún, ta sì ni ó lè kọ̀ ọ́? Akùnwòrán Lọ́ńdọ̀nù dáhùn fún onímọ̀ ẹ̀dá tí awọ gbígbẹ wà níwájú rẹ̀. Apìjálá dáhùn fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán Mùṣin dáhùn fún ọlọ́kọ̀ tí oríkì wà lọ́kàn rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ni alátùn-únṣe rẹ̀ ti bá ẹranko pàdé nínú igbó, ọ̀kan náà sì ni kò lo ọ̀dà.

Ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìwádìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró. A lè ya fọ́tò àwọn àwòrán tí ó ṣẹ́kù ní Mùṣin, Sùúrùlérè àti Yábàá. A lè kọ orúkọ ẹni tí ó yà wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́, àti àwòṣe tí ó lò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a lè béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ pé kí ni ó ní kí wọ́n tún ṣe kí ó tó sanwó. Nínú ìdáhùn yẹn ni ìtàn wà. Swainson fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún wa láti fi tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ayàwòrán Mùṣin kò ní ìwé kankan, bí kò ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń lọ.